Ìgbéyàwó Ayé Àtijọ́ Nínú Gbọ̀ngàn Àtijọ́

Ìgbéyàwó ni ọ̀rọ̀ wa ti òní dá lé lórí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbéyàwó. Irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń fẹ́ ṣe lóde òní ni mo fẹ́ sọ, èyí tí wọ́n ń pè ní ìgbéyàwó ayé àtijọ́. Wọn a wá gbọ̀ngàn tí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ. Wọn a wọ irú aṣọ tí wọ́n rí nínú fọ́tò àwọn bàbá àti ìyá wọn àgbà. Wọn a gbé gìrámafóònù sí igun kan. Wọn a sì háyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju ti bàbá ọkọ ìyàwó lọ.

Ohun tí ó dára ni. Ẹni tí ó bá bọ̀wọ̀ fún àná kò ṣe ohun ẹ̀gàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa a máa gbé ẹ̀wù àná wọ̀, a ó sì gbàgbé ètò àná sílé. Ètò yìí ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò lálẹ́ òní: kí ni ènìyàn yóò kọ́kọ́ ṣe, kí ni yóò tẹ̀ lé e, èwo ni a sì lè fi sí ìkẹyìn, kí ọjọ́ ayọ̀ má baà di ìbẹ̀rẹ̀ gbèsè.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tí irú ìgbéyàwó yìí ti wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ní 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó lábẹ́ Olúmọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí àwọn Sàró bẹ̀rẹ̀ sí padà wálé. Àwọn ni ọmọ Ẹ̀gbá àti ọmọ Yorùbá mìíràn tí a ti kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀, tí wọ́n sì gbé lọ sí Freetown. Ní 1846 ni Henry Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther wá dá iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀ ní ìlú yìí. Townsend wà ní Aké, Crowther sì wà ní Ìgbẹ̀ìn. Láti irú àwọn òkè bẹ́ẹ̀ ni ìgbéyàwó inú ṣọ́ọ̀ṣì, àkàrà òyìnbó, ìwé ìpè tí a tẹ̀, àti ọ̀rọ̀ ìkíni lórí ìjókòó ti tàn ká ilẹ̀ Ẹ̀gbá.

Aṣọ funfun ìyàwó pàápàá ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà tí Ọbabìnrin Victoria ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìgbéyàwó ní oṣù Kejì 1840, aṣọ funfun ni ó wọ̀, láti ìgbà náà ni àṣà yìí sì ti gbilẹ̀ káàkiri ayé. Ọbabìnrin yìí kan náà ni ó fi Bíbélì ránṣẹ́ sí Ṣàgbúà àti àwọn ìjòyè Abẹ́òkúta ní 1849, tí ọkọ rẹ̀, Albert, sì fi ọlọ irin tí a fi ń lọ àgbàdo ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni aṣọ funfun àti Bíbélì gbà wọlé.

Ṣùgbọ́n àwọn Sàró kò sọ ìdána nù. Wọ́n gbé obì, orógbó, atare, oyin, iyọ̀ àti iṣu kalẹ̀ bí ti àwọn bàbá wọn. Wọ́n gbé Bíbélì àti òrùka sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n sì fi lẹ́tà ìbéèrè lé e, èyí tí ọ̀dọ́mọbìnrin kan ń kà sókè kí gbogbo ẹbí lè gbọ́. Nítorí náà, ohun tí à ń pè ní àtijọ́ ní Abẹ́òkúta, àdàlù ohun tiwa àti ohun tí ó wá ni. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní máa bá ènìyàn jà pé ọ̀kan ni ojúlówó, èkejì ni ayédèrú.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a wọ inú ètò.

Èkíní, òfin ṣáájú gbọ̀ngàn. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó ń wo fíìmù òyìnbó rò pé kò sí ibi tí a kò lè so tọkọtaya pọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1994 ni ó jẹ́ kí ìjọba lè fún àwọn ilé ńlá àtijọ́ àti hòtẹ́ẹ̀lì ní ìwé àṣẹ pé kí ìgbéyàwó wáyé níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni òfin wa rí. Ìgbéyàwó tí òfin ìjọba Nàìjíríà mọ̀ ní láti wáyé ní kóòtù akọ̀wé ìgbéyàwó tàbí ní ilé ìsìn tí ó ní ìwé àṣẹ, àfi bí Mínísítà bá fún tọkọtaya ní àṣẹ àkànṣe. Ti ilé ìsìn, ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, kí ó jẹ́ láàárín aago mẹ́jọ òwúrọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí ẹlẹ́rìí méjì ó kéré tán sì wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ó so wọ́n pọ̀. Ti kóòtù, láàárín aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni.

Ẹ tún fi etí sí èyí. Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ ó ti lọ fi ìwé ìkéde sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìgbéyàwó. Ọjọ́ 21 gbọ́dọ̀ kọjá kí ó tó lè fún yín ní ìwé ẹ̀rí, kí ẹni tí ó bá ní ìdí tí ìgbéyàwó náà kò fi yẹ lè wá sọ ọ́. Bí oṣù mẹ́ta bá sì kọjá láti ọjọ́ tí ẹ fi ìkéde sílẹ̀ láìsí ìgbéyàwó, ìkéde náà ti bàjẹ́, ẹ ó tún un bẹ̀rẹ̀ ni. Ní ti àwọn Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, yìgì lè wáyé ní ilé tàbí ní mọ́ṣáláṣí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọn yóò wá gba gbọ̀ngàn lọ jẹun. Ohun tí mo ń sọ ni pé gbọ̀ngàn fún àpèjẹ ni. Bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó, kò lè sọ ènìyàn di tọkọtaya. Ẹni tí ó bá san owó gbọ̀ngàn kí ó tó mọ ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí kóòtù lè gbà á, ẹṣin rẹ̀ wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́.

Èkejì, ẹ ka ènìyàn kí ẹ tó ka owó. Nínú gbogbo ohun tí a ń rà fún àpèjẹ, oye ènìyàn ni ó ń sọ iye tí yóò jẹ́: oúnjẹ, àga, omi, ohun mímu, àti ìtóbi gbọ̀ngàn fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹbí méjèèjì kọ orúkọ sílẹ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú pẹ́ńsù, ẹ bá wa ṣírò. Bí a bá pe 200 ènìyàn, tí tábìlì kan sì gba 10, tábìlì 20 ni. Ẹ fi tábìlì tọkọtaya kún un, ẹ fi ibi tí alásè yóò gbé ìkòkò sí kún un, ẹ fi ibi tí onílù yóò dúró sí kún un, ẹ sì fi ojú agbo tí a ó ti jó kún un. Ẹ má sì gbàgbé mo-gbọ́-mo-yà. Kò sí bí a ti lè ṣe àpèjẹ nílẹ̀ Yorùbá kí ẹni tí a kò pè má yà. Bí ẹ bá fi tábìlì méjì sílẹ̀ fún wọn, ojú kò ní tì yín.

Gbọ̀ngàn tí ó gba 300 ènìyàn lórí àga tí a tò bí ti ṣọ́ọ̀ṣì kò lè gba 300 nígbà tí a bá tẹ́ tábìlì. Nítorí náà, bí olùtọ́jú gbọ̀ngàn bá dárúkọ iye kan fún yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé lórí àga nìkan ni àbí pẹ̀lú tábìlì?” Ìbéèrè kan yìí ti gba ọ̀pọ̀ ẹbí lọ́wọ́ ìtìjú.

Ẹ̀kẹta, ẹ lọ wo gbọ̀ngàn náà fúnra yín. Ní Aké, a ní gbọ̀ngàn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Centenary Hall, èyí tí a kọ́ fún ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún tí a tẹ Abẹ́òkúta dó. Ẹni tí ó bá ti Ìgbẹ̀ìn wá sí Aké mọ̀ pé ọ̀nà náà kò jìnnà. Yàtọ̀ sí i, gbọ̀ngàn ìjọ àti gbọ̀ngàn ilé-ìwé tí ó ti dàgbà wà káàkiri ìlú. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ohun àtijọ́ kò ṣòro láti rí: ògiri nípọn, fèrèsé gùn, òkè àjà jìnnà sí orí. Àwọn tí ó kọ́ wọn kò ní ẹ̀rọ amúlétutù. Atẹ́gùn ni wọ́n fọkàn tẹ̀.

Nítorí èyí, wákàtí tí àpèjẹ yín yóò wáyé gan-an ni kí ẹ lọ wò ó. Ẹ wo ibi tí oòrùn ń gbà wọlé ní aago méjì ọ̀sán. Ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ mọ̀ bóyá ó ń ṣí. Ẹ béèrè nípa wáyà iná, nítorí wáyà tí a fà fún gílóòbù àti fáànù lè máà gba ẹ̀rọ ńlá. Bí ẹ bá fẹ́ gbé jẹnẹrétọ̀ wá, ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé. Èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn. Ẹ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ wo omi, ẹ wo àtẹ̀gùn ilé: ṣé ìyá àgbà lè gùn ún láìsí ẹni tí yóò gbé e? Ẹ wo ibi tí ọkọ̀ yóò dúró sí, nítorí àwọn ọ̀nà orí òkè Abẹ́òkúta kò fẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àkókò òjò, ẹ béèrè bóyá òrùlé ń jò, kí ẹ sì mọ ibi tí alásè yóò sá sí bí òjò bá dé.

Ẹ béèrè pẹ̀lú nípa ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe. Ògiri ilé àtijọ́ kì í fẹ́ ìṣó. Okùn tí a so mọ́ òpó tàbí igi tí a gbé nàró lè gbé òdòdó yín dúró láìba nǹkan jẹ́. Ẹ mọ aago tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, ẹ mọ owó àsansílẹ̀, ẹ mọ owó tí wọn yóò dá padà bí ẹ kò bá ba nǹkan jẹ́, kí ẹ sì gba rìsíìtì tí a kọ ọjọ́ àti wákàtí sí. Ọ̀rọ̀ ẹnu a máa yí padà.

Bí àlejò yín bá ń bọ̀ láti Èkó tàbí Ìbàdàn, ọkọ̀ ojú irin wà. Ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ ti gba Abẹ́òkúta kọjá kí ó tó dé Ìbàdàn ní 1901. Èyí tuntun tí ó so Èkó pọ̀ mọ́ Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, ibùdókọ̀ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí a fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè, sì wà ní Láderin. Ẹ wo aago tí ọkọ̀ náà ń dé àti aago tí ó ń padà kí ẹ tó kọ wákàtí sínú ìwé ìpè. Àlejò tí ọkọ̀ bá já sílẹ̀ ti di ẹni tí ẹ ó wá ibùsùn fún.

Ẹ̀kẹrin, aṣọ. Níhìn-ín ni owó ti ń sá lọ jù, níhìn-ín náà sì ni àtijọ́ ti lè bá wa dín in kù. Kí ẹ tó lọ sí ọjà, ẹ ṣí àpótí ìyá àgbà. Sányán, ẹtù àti àlàárì tí a hun dáadáa a máa pẹ́ ju ẹni tí ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ. Ẹ sá a sí atẹ́gùn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́, kí ẹ sì gbé e lọ fún aránṣọ tí ó mọ aṣọ òkè í tú. Aṣọ tí ìyá àgbà fi ṣe ìgbéyàwó, kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tún fi ṣe tirẹ̀, ẹwà wo ni ó tó bẹ́ẹ̀?

Bí ẹ bá sì ń wá aṣọ ẹbí, Ìtòkú kò jìnnà. Àwọn ìyá Ẹ̀gbá ti fi àdìrẹ sọ Abẹ́òkúta di ìlú tí a mọ̀ ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Àdìrẹ oníko ni èyí tí a fi ìko so kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni èyí tí a fi ẹ̀kọ láfún ya àwòrán sí, yálà pẹ̀lú ìyẹ́ adìẹ tàbí pẹ̀lú páànù tí a gé. Àwòrán kan wà tí ó jáde nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún, pé ọdún 25 lórí oyè ní 1935: ọba àti ayaba rẹ̀ ni ó wà láàárín aṣọ. Aláròó tètè ń fẹ́ kí a sọ fún òun, nítorí aró àti oòrùn kò ṣeé sáré fún. Bí ẹ bá gba aṣọ náà, ẹ fi omi ṣàn án títí omi yóò fi mọ́, kí aró má baà ràn mọ́ aṣọ funfun ìyàwó. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé èyí tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ kì í ṣe àdìrẹ, bí ó tilẹ̀ jọ ọ́: ẹ yí i padà, bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣá púpọ̀ ju ojú rẹ̀ lọ, ẹ fura.

Ẹ má sì fi aṣọ ẹbí ni ẹnikẹ́ni lára. Ẹni tí ó bá lè rà á, kí ó rà á. Ẹni tí kò bá lè rà á, kí ó wọ èyí tí ó ní, kí ẹ sì fún un ní oúnjẹ kan náà. Aṣọ ni a fi dá ẹbí mọ̀, kì í ṣe aṣọ ni ó bí wọn.

Ẹ̀karùn-ún, oúnjẹ àti orin. Ìrẹsì Ọ̀fadà, tí ó gba orúkọ rẹ̀ láti ara ìlú Ọ̀fadà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá níhìn-ín, nínú ewé eèran, mọ́ínmọ́ín ewé, ẹ̀kọ, láfún pẹ̀lú ewédú: bí èyí bá wà lórí tábìlì, ta ni yóò béèrè ohun tí ó dé láti òkè òkun? Ewé a sì máa dín àwo tí ẹ ó háyà kù. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún alásè kí oúnjẹ má ṣe tutù sílẹ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Oúnjẹ tí ó ti kan kò mọ̀ pé ọjọ́ ìgbéyàwó ni.

Ní ti orin, Abẹ́òkúta kò tòṣì. Yusufu Ọlátúnjí, ọ̀gá onísákárà, tí ó kú ní 1978, ti fi ìlú yìí ṣe ilé. Àyìnlá Ọmọwúrà, ọ̀gá alápàlà, ọmọ Ìtòkò ni, ó sì kú ní 1980. Bí ẹ bá ní àwo orin wọn, ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú gìrámafóònù. Èyí tí a ń fi ọwọ́ yí, àwo líle tí ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan ni a ṣe é fún, abẹ́rẹ́ irin rẹ̀ sì wúwo. Àwo ńlá tí ó gbòde ní ọdún 1970 sí 1980, 33 ni ó ń yí; bí ẹ bá gbé e sórí gìrámafóònù yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò ti họ ọ́. Ẹ̀rọ oníná ni kí ẹ fi lò ó. Ohùn gìrámafóònù pàápàá kò lè kún gbọ̀ngàn: ẹ jẹ́ kí ó máa kọrin nígbà tí àlejò ń jókòó, kí ẹ sì fi ijó lé onílù lọ́wọ́.

Èyí ni ó mú mi dé ọ̀rọ̀ owó. Ìnáwó òde òní kò parí láìsí owó níná níwájú orí. Ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti fọ́n náírà ká níbi ayẹyẹ tàbí láti jó lé e lórí. Ìyà rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní 50,000 náírà, tàbí méjèèjì pọ̀. Ní 2024, ilé ẹjọ́ kan ní Èkó rán ẹnìkan tí òkìkí rẹ̀ kàn lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí rẹ̀. Ẹ gbé igbá tàbí agbọ̀n tí ó lẹ́wà kalẹ̀ níwájú tọkọtaya, kí olúkúlùkù fi tirẹ̀ sínú àpòòwé. Owó náà kò ní ya, ẹsẹ̀ kò sì ní tẹ̀ ẹ́.

Ní ìkẹyìn, ẹ pín ohun gbogbo sí ọ̀nà mẹ́ta lórí ìwé. Ọ̀nà kìíní: ohun tí ìgbéyàwó kò lè wáyé láìsí rẹ̀, èyí ni ìdána, ìwé ẹ̀rí, ilé ìsìn tàbí kóòtù. Ọ̀nà kejì: ohun tí àlejò yóò lò, èyí ni gbọ̀ngàn, àga, omi, oúnjẹ. Ọ̀nà kẹta: ohun tí ojú yóò wò, èyí ni òdòdó, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́, àti ohun ọ̀ṣọ́ gbogbo. Ẹ san ti èkíní tán kí ẹ tó kan èkejì. Ẹ san ti èkejì tán kí ẹ tó wo ojú ẹ̀kẹta. Bí owó bá tán ní ẹ̀kẹta, kò sí àlejò tí yóò mọ ohun tí ẹ kò rà. Ṣùgbọ́n bí ó bá tán ní èkejì, gbogbo ìlú ni yóò mọ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Bí ẹ bá tilẹ̀ ní láti yá owó, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé: ta ni yóò san án? Ọ̀pọ̀ ìgbà, tọkọtaya náà ni. Àlejò yóò lọ ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, olówó èlé ni yóò kan ilẹ̀kùn. Àwọn méjì tí wọn kò tíì ra àga kan sílé, tí wọ́n ti jẹ gbèsè òdòdó tí ó ti rọ, báwo ni inú wọn yóò ṣe dùn sí ara wọn? Àjọ tí a bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú sàn ju owó èlé tí a sáré yá ní ọ̀sẹ̀ kan kù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ràn ayé àtijọ́, a kí yín. Gbọ̀ngàn tí ẹ bá lò tí ẹ sì san owó rẹ̀, ẹ ti bá ìlú tún un ṣe nìyẹn, nítorí ilé tí ènìyàn kò bá wọ̀ ni ó ń wó. Ṣùgbọ́n ẹ mú ètò àná dání pẹ̀lú aṣọ rẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni.

Ó dàárọ̀ o. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé yín tòrò.